Ihò aró Kofar Mata, Kánò: ẹ kọ́kọ́ wo inú ihò kí ẹ tó wo ara ògiri

Ẹni tó bá lọ sí ibi ihò aró Kofar Mata ní Kánò bí ẹni ń lọ sí gbọ̀ngàn àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Abuja, ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ wá nǹkan tì. Ẹ má retí ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ má retí iná tí wọ́n tàn sára iṣẹ́, ẹ má sì retí pélébé ìwé tó ń sọ ẹni tó ṣe aṣọ yìí àti ọdún tó ṣe é. Ihò wà nílẹ̀, aró wà nínú ihò, aṣọ wà lára okùn àti lára ògiri. Ọ̀pọ̀ àlejò á wo aṣọ, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ná an, wọ́n á rà á, ó parí. Lójú tiwa, irú àlejò bẹ́ẹ̀ ò tíì débẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ gan-an, inú ihò ló wà. Aṣọ tó wà lára ògiri kàn ń jẹ́rìí ohun tí ihò náà lè ṣe ni. Ẹni tó bá mọ ihò wò á mọ aṣọ rà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wò, àwọ̀ ló máa sanwó fún, àwọ̀ náà sì lè bá omi ìfọṣọ àkọ́kọ́ lọ.

Ìtòsí ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kánò ni ibẹ̀ wà. Kofar Mata lorúkọ ẹnubodè náà, òun ni wọ́n sì fi ń pe àdúgbò. Ọdún 1498 ni àwọn aláró ibẹ̀ ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn sí, òun náà ni wọ́n kọ sára pátákó. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì tó dé Kánò ní 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ tí wọ́n ń ṣe ní ìlú yìí ń dé Murzuk, Ghat àti Tripoli lápá òkè, ó sì ń dé Timbuktu lápá ìwọ̀ oòrùn. Lónìí, kì í ṣe gbogbo ihò ló ní aró nínú mọ́. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ Ṣáínà ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn, ìkọlù Boko Haram ní oṣù kìíní ọdún 2012 ní Kánò sì lé ọ̀pọ̀ àlejò sá. Àwọn tó ṣẹ́kù, ihò tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ ni wọ́n ń rẹ aṣọ nínú rẹ̀.

Ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ọmọ Yorùbá ní kàyéfì ni pé ọkùnrin ni àwọn tó jókòó ti ihò. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin ló ni aró, Ìyá Mápó ni àwọn aláró ń ké pè, ìkòkò amọ̀ ni wọ́n sì ń lò. Àwọn ìyá wa á gún ewé ẹ̀lú tútù, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á to ìkòkò méjì léra, wọ́n á dá ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí ti òkè, wọ́n á kó eérú sí i, wọ́n á rọ omi lé e, omi eérú á máa ro sínú ti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú omi eérú yẹn ni ẹ̀lú ti ń kan.

Ní Kánò, ẹ̀lú kọ́ ni wọ́n ń lò, igi kékeré kan tí Haúsá ń pè ní baba ni. Aró kan náà ló wà nínú méjèèjì, ewé ló yàtọ̀. Eérú, baba àti omi ni ìpìlẹ̀, àwọn kan ń fi káún kún un. Ohun kẹrin wà tó yẹ kí ẹ béèrè pé kí wọ́n fi hàn yín: katsi. Nígbà tí aró ihò kan bá ti kú, wọ́n á kó gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sun ún, ohun tó bá kù ni wọ́n tún ń dá padà sínú aró tuntun láti fún omi eérú lágbára. Irú gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ sísun yìí náà wà nínú ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ara ihò kí omi má bàa mu wọ ilẹ̀. Nítorí náà, òkú aró wà nínú aró, òkú aró sì tún wà lára ògiri ihò. A ò mọ ilé àfihàn kan tí ògiri rẹ̀ bá iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ tan tó báyìí.

Ihò náà jìn ju ìdúró àgbà ọkùnrin lọ. Bí wọ́n bá ti kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó kan kí aṣọ tó wọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi ìdérí bo ẹnu rẹ̀ kí òjò àti ekuru má wọ̀ ọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dúró tó bẹ́ẹ̀? Aró búlúù kì í yọ́ nínú omi. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ dà á sómi, ìsàlẹ̀ ló máa rọ̀ sí, aṣọ ò sì ní rí nǹkan kan gbà. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú ò rí, tí wọ́n ń jẹ nínú ewé tó ń kan yẹn, ló ń sọ aró di irú kejì tó lè yọ́ nínú omi eérú. Irú kejì yìí kì í ṣe búlúù rárá, àwọ̀ ìyeyè tó dà mọ́ àwọ̀ ewé ló ní. Òun ló ń wọnú òwú. Bí aṣọ bá jáde tí afẹ́fẹ́ kàn án, á ṣe bí ewé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà á yí padà di búlúù lójú yín, aró ò sì ní lè yọ́ mọ́ nítorí pé ó ti há sínú òwú. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kí ẹ máa wò. Àwọn tó ń ya fọ́tò sábà máa ń dojú kọ aṣọ tó ti gbẹ, wọ́n sì ń pàdánù èyí.

Àwọn kòkòrò náà fẹ́ ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín 30 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òru Kánò nígbà ọyẹ́ lè tutù dé nǹkan bíi 13. Ìkòkò tó dúró sí ìta gbangba á tutù pẹ̀lú òru. Ihò tó rì sínú ilẹ̀ kì í tètè tutù, ilẹ̀ ń bá a tọ́jú ooru ọ̀sán. Síbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rẹ aṣọ yín dúdú dáadáa, ẹ sá fún àárín ọyẹ́. Aró á lọ́ra, ekuru ọyẹ́ á sì máa bà lé aṣọ tútù. Oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀, aṣọ kì í tètè gbẹ láàárín ìrìbọ̀ kan sí èkejì. Oṣù kejì sí oṣù karùn-ún la fara mọ́ jù, bí ẹ bá lè fara da oòrùn.

Ẹ bẹ bàbá aláró pé kó ṣí ihò kan fún yín. Ihò tó wà láàyè máa ń ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú omi tó ń dán pupa mọ́ búlúù, àti ìfófòó dúdú-búlúù láàárín. Ẹ ní kí ó fi igi pín awọ yẹn sọ́tọ̀, kí ẹ wo omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí omi náà bá pọ́n ìyeyè mọ́ ewé, ihò yẹn ń ṣiṣẹ́. Bí búlúù ló bá jẹ́ látòkè dé ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́ jù tàbí wọ́n ti rẹ aṣọ jù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ ìsinmi, aṣọ tó bá wọ ibẹ̀ lákòókò yẹn, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni aró máa lẹ̀ mọ́, kò ní wọnú. Bí omi bá ti di eérú-eérú, tó ń rùn bí ohun tó rà, agbára eérú inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, òun ni wọ́n ń fi katsi tàbí eérú tuntun gbà là bí kò bá tíì pẹ́ jù. Òórùn ihò tó dáa le, ó ń ta nímú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òórùn òkú. Bí ẹ bá ta omi rẹ̀ kan láàárín ìka méjì, ó gbọ́dọ̀ máa yọ̀ bí omi ọṣẹ dúdú. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì ṣe é rárá bí egbò bá wà lọ́wọ́ yín, torí omi eérú ń jẹ ara.

Bí ihò bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ aṣọ tiyín. Ibi tí Kofar Mata ti ju gbogbo ilé ìtajà aṣọ tó wà ní Abuja lọ nìyí: ẹ lè dúró ti aṣọ yín láti funfun títí dé dúdú. Àwọn àgbà ní aṣọ funfun ní í sunkún aró. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo aṣọ funfun. Òwú ni aró yìí ń gbà. Pọ́líẹ́sítà kì í gbà á, èyí tí wọ́n pa òwú àti pọ́líẹ́sítà pọ̀ á gba díẹ̀, á wá ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé ó ti gbó. Ṣádà àti gínnì tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í ṣe òwú pátápátá nígbà gbogbo, ohunkóhun tí ọlọ́jà ì báà sọ. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ ní etí aṣọ, ẹ fi iná sí i. Òwú á jó, á rùn bí ìwé tó ń jó, á sì di eérú tó ń fọ́ lọ́wọ́. Pọ́líẹ́sítà á yọ́, á ká jọ, á di kóró líle.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ fọ ọ́ kí ẹ tó gbé e lọ. Aṣọ tuntun ní sítáàṣì àti epo ẹ̀rọ lára, aró kò sì lè gba inú wọn kọjá. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ sè é fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ṣan án, ẹ sá a. Kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti mọ́, ẹ kán omi ẹyọ kan sí i lórí nígbà tó bá gbẹ: bí omi bá mu lọ́gán, ó ti dé, bó bá ṣù sórí rẹ̀ kó tó wọlé, ẹ tún un sè. Ẹ jẹ́ kí aṣọ tutù jálẹ̀ kó tó wọ ihò. Aṣọ gbígbẹ máa ń gbé afẹ́fẹ́ wọnú aró, afẹ́fẹ́ ló sì ń fa ojú funfun kéékèèké àti ìlà tí kò yẹ.

Àdéhùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé «ẹ rẹ ẹ́ dúdú». Ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n máa rì í bọ̀. Nínú aró tó ń kan bí èyí, ìrìbọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú sísá láàárín máa ń fún yín ní búlúù ojú ọ̀run. Kó tó dé ibi tí ẹtù tòótọ́ dé, ó lè gba mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé aró ń lẹ̀ ní ìpele-ìpele: ìrìbọ̀ kọ̀ọ̀kan á fi díẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á dè é mọ́lẹ̀, èkejì á gun orí rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ lè dúdú lójú nígbà tó bá tutù, ṣùgbọ́n kì í dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n rì léraléra. Ẹ tún rántí pé aṣọ tútù máa ń dúdú ju gbígbẹ lọ. Ẹni tó bá sọ pé «ó ti tó» nígbà tí aṣọ ṣì ń ro omi, ó máa kàn ráhùn nígbà tó bá gbẹ ni.

Kò yẹ kí ẹ gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ síbẹ̀. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi yàwòrán sórí rẹ̀ fẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́, wọ́n sì ń fi ọwọ́ tẹ aṣọ, wọ́n ń fún un, nínú ihò yìí. Ó ṣòro kí ẹ̀kọ dúró. Àdìrẹ oníko àti alábẹ́rẹ́ ni ibẹ̀ bá mu, títa ní kókó àti rírán ni àwọn ará Kánò náà fi ń ṣe tiwọn. Ẹ ta á ní kókó tàbí ẹ rán an láti ilé bí ẹ bá ní irú ọnà tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fà á le. Okùn tó dẹ̀ ni aró ń gbà wọlé.

Ohun tó ń bàjẹ́ níbi aró, níbikíbi tí wọ́n ti ń ṣe é, kò pọ̀ jù, ìdí rẹ̀ sì ṣeé mọ̀. Aṣọ tó ń ya sára ènìyàn: aró wà lójú òwú, kò wọnú, bóyá nítorí pé ihò ti rẹ̀ tàbí pé wọn kò ṣan án tó. Aṣọ tó le gbagidi tó ní ìyeyè mọ́ búlúù lára: eérú ò tíì kúrò. Ibi tó dúdú, ibi tó mọ́: aṣọ ká jọ nínú ihò, wọn ò yí i. Àyẹ̀wò kan tó tó fún gbogbo rẹ̀ nìyí: ẹ mú áńkáṣíìfù funfun, ẹ fi omi tọ́ ọ, ẹ fi nu aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójú kan. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú, aró tuntun kì í ṣe aláìya rárá. Bí áńkáṣíìfù bá di búlúù gan-an, ẹ ní kí wọ́n tún ṣan án, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀ bó bá jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ rà ni.

Ẹ má fi àyẹ̀wò yìí wo aṣọ bugu o. Òun ni wọ́n ń lù. Wọ́n á tẹ́ aṣọ tí wọ́n ti rẹ sórí ìtì igi, wọ́n á bu aró lílọ̀ sí i, àwọn ọkùnrin á máa fi kùmọ̀ igi tó wúwo lù ú léraléra títí yóò fi máa dán. Ẹni tó ti rí gínnì lílù rí mọ bí ó ṣe ń rí, àfi pé èyí ń dán bí ẹni pé irin ni. Kura, tó wà ní gúúsù Kánò, ti pẹ́ tó ti lórúkọ fún irú aṣọ lílù yìí tí wọ́n fi ń wé láwàní, àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé aró ń ya sí wọn lójú, wọn ò sì kà á sí àbùkù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó yẹ kó ya. Ẹ kì í fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, dídán náà lọ nìyẹn, owó tí ẹ san fún lílù náà lọ. Àwọn kan máa ń rà á fún gèlè nítorí pé ó ń dán, wọ́n á wá bínú nígbà tí ọrùn búùbáà funfun bá di búlúù. Kì í ṣe ẹjọ́ aláró. Ara ògiri ni kí ẹ fi irú rẹ̀ kọ́ sí nílé bí ẹ ò bá ní wé e bíi láwàní.

Ọ̀rọ̀ ara ògiri ni ó kàn wàyí. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà òde òní ti mọ iyì aró tipẹ́. Nike Davies-Okundaye gbé àdìrẹ kúrò ní aṣọ ìró wọ ilé àfihàn, ẹ̀ka Nike Art Gallery sì wà ní Abuja fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Aboubakar Fofana, ọmọ Mali, gbé iṣẹ́ aró tirẹ̀ lọ sí àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tí wọ́n ń pè ní documenta 14 ní 2017. Ìyàtọ̀ Kofar Mata ni pé ibi tí nǹkan ti ń kan gan-an ni ẹ ti ń wo aṣọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n gbé e wá lẹ́yìn tó ti parí.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ òkèèrè náà. Ní Modena, ní Ítálì, àjà ilé ni wọ́n ń to àgbá igi oríṣiríṣi sí, kékeré tẹ̀lé ńlá, láti fi gbọ́ fínígà tí wọ́n fi omi èso àjàrà sísè ṣe. Ó kéré tán, ọdún 12 ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó tó di ojúlówó, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú ìgò kékeré tó gba mílílítà 100 péré. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà sáàárín irú àgbá bẹ́ẹ̀ ní láti mọ̀ pé èéfín fínígà ń jẹ òjé àti bàbà, ó ń jẹ ìkarahun àti òkúta funfun pẹ̀lú. Ère bàbà tó dúró níbẹ̀ á hu àwọ̀ ewé. Ohun tó ń kan kì í bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọnà, òfin yìí náà ló sì wà ní Kánò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá ibẹ̀ yàtọ̀. Èéfín kọ́ ni ìṣòro níbí, oòrùn àti omi eérú ni.

Oòrùn Kánò ń pa aró. Aṣọ tó bá ti pẹ́ lórí okùn á ti ṣí, pàápàá níbi tí wọ́n ká a. Nítorí náà, èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà lára ògiri, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tú etí rẹ̀, ẹ fi inú ìṣẹ́tí wé ojú rẹ̀. Bí méjèèjì bá jọra, ẹ ná an. Bí inú bá dúdú ju ìta lọ, ẹ béèrè èyí tó wà nínú àpótí.

Ẹ̀yin ayàwòrán àti alágbẹ̀dẹ ọnà tó ń rò ó pé ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, a ní ìmọ̀ràn díẹ̀. Kánfáásì tí wọ́n ti kun lọ́dà funfun kò wúlò, aró ò ní wọ̀ ọ́. Ẹ mú kánfáásì òwú tútù. Sànyán kò gbọ́dọ̀ wọ ihò: fọ́nrán tí kòkòrò ń ta ni, omi eérú tó le ń sọ ọ́ di hẹ́rẹhẹ̀rẹ. Aṣọ òkè olówùú dára púpọ̀, èyí tó bá sì ní fọ́nrán dídán tí kì í ṣe òwú nínú, fọ́nrán yẹn ò ní gba aró, á dá dúró láàárín búlúù. Àwa rí i bí àǹfààní: ahunṣọ Ìsẹ́yìn lè hun ọnà sínú aṣọ funfun láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, kí ihò Kánò wá tú àṣírí rẹ̀. Igi tí a kò fi ọ́dà kun á gba àwọ̀, àmọ́ kò ní dọ́gba. Ẹ má sì gbé iṣẹ́ ńlá wá láìkọ́kọ́ wo ẹnu ihò. Ọwọ́ ni aláró fi ń tẹ aṣọ, ó jókòó létí ihò, ohun tí ọwọ́ méjì ò lè yí nínú aró á jáde pẹ̀lú ojú funfun kéékèèké.

Ìtọ́jú rẹ̀ nílé kò le. Ẹ fi omi tútù ṣan án títí omi yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ da bí ìdajì ife fínígà funfun sínú garawa omi lítà mẹ́wàá, ẹ fi aṣọ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó fi pa eérú tó ṣẹ́kù, ẹ tún ṣan án. Òjìji ni kí ẹ sá a sí. Ẹ máa dá a fọ̀, ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ lò. Jik kò gbọ́dọ̀ kàn án láéláé, ìdí aró gan-an ló ń fọ́, kò sí àtúnṣe. Òórùn rẹ̀ á lọ bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i, ẹ má fi lọ́fínńdà bò ó.

Ẹni tó ń ti Abuja bọ̀, ọkọ̀ ojú irin Idu dé Rigasa ní Kaduna nìkan, ẹ ó ṣì wọ mọ́tò láti ibẹ̀. Bí owó bá wà, ọkọ̀ òfuurufú sí pápákọ̀ Aminu Kano kì í ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Sabon Gari, Adaidaita Sahu, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ló máa gbé yín, ẹ sọ fún un pé Kofar Mata, lápá pápá ìṣeré Sani Abacha. Ẹ dé láàárọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, iṣẹ́ á dúró ní ọ̀sán fún ìrun. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, láwàní Durbar, ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin ọjọ́ ọdún, ló ń gba gbogbo ọwọ́. Láti 2024 tí UNESCO ti fi Durbar Kánò sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ tètè bá wọn ṣàdéhùn bí àkókò yẹn lẹ bá yàn.

Ẹ kí wọn: «Sannu da aiki». Àgbà tó jókòó ti ihò, Baba tàbí Màlámù ni kí ẹ pè é, kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Fífún wọn ní nǹkan fún fọ́tò kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ wọn lẹ dá dúró. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀, aṣọ tí aró ò lè bà jẹ́. Ọmọdé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, torí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ẹnu ihò wà. Ẹ sọ owó tán kí aṣọ tó tutù: iye yáàdì, iye ìrìbọ̀, bóyá lílù wà nínú rẹ̀. Ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sí ìgbà tí aṣọ bá gbẹ tí áńkáṣíìfù sì ti kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe é ní ìrìn àjò àárọ̀-lọ-alẹ́-dé bí ẹ bá fẹ́ aṣọ dúdú. Ìrìbọ̀ mẹ́wàá pẹ̀lú sísá kì í tán kí ọkọ̀ òfuurufú ìrọ̀lẹ́ tó gbéra, ẹni tó bá sì di aṣọ tútù sínú ọ̀rá gbé e lọ sí Abuja, á tú u sílé pẹ̀lú àmì ìká tí kò ní kúrò mọ́. Ẹ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan.